BỌ́LẸ́KÁJÀ: Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÌBÍNÚ ÀWỌN AWAKỌ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí àwọn ọmọdé òde òní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí àwọn àgbà kò lè gbàgbé. Ọ̀rọ̀ náà ni bọ́lẹ́kájà. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń pe àwọn ọkọ̀ akérò wọ̀nnì tí a fi pákó kan ara wọn, tí èrò ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì tóóró nínú wọn, tí orúnkún ẹnì kan ń gún ẹnì kejì, tí ẹrù àti adìyẹ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn. Bí a bá tú orúkọ náà wò, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ rárá, ìpè ìjà ni: "Bọ́ sílẹ̀ kí á jà!" Àwọn kan sọ pé ẹnu àwọn ọmọ ọkọ̀ ni ó ti wá, nígbà tí wọ́n bá ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní gáréèjì. Àwọn mìíràn ní àwọn èrò tí ó há mọ́ra ni wọ́n ń pe ara wọn níjà. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun àrà kan níhìn-ín. Àwọn baba wa rí ohun ìrìnnà titun, wọn kò sì sọ ọ́ lórúkọ nítorí eré rẹ̀, tàbí nítorí ariwo rẹ̀, tàbí nítorí ẹrù tí ó ń rù. Ìjà inú rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta kan, Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike, tí kò sí ọmọ Yorùbá kan nínú wọn, fi pe ara wọn ní aṣelámèyítọ́ bọ́lẹ́kájà ní nǹkan bí 1980, nígbà tí wọ́n ń bá àwọn akéwì ilẹ̀ Áfíríkà wí nínú ìwé wọn.

Àwọn ọkọ̀ onípákó ti kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà náà kò bá wọn lọ. Ẹ dúró ní Ọláìyá ní Òṣogbo ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìjọba san owó oṣù, kí ẹ sì fi ojú yín rí i. A kọ́ afárá gba orí ìkòríta náà kọjá, wọ́n sì ṣí i ní 2022. Ọkọ̀ púpọ̀ ń gba òkè lọ nísinsìnyí, ṣùgbọ́n lábẹ́ afárá náà èébú kò dín. Ẹ lọ sí Ẹrẹ́jà ní àárín ìlú Iléṣà pẹ̀lú. Takisí kan dúró gangan láàárín títì láti gbé èrò kan ṣoṣo. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ọwọ́ lé fèrè, kò sì gbé e kúrò mọ́. Ọlọ́kadà kan gba àárín àwọn méjèèjì, ó ha ọkọ̀ ẹnì kan lára, ó sì wo ẹ̀yìn tìkà-tẹ̀gbin. Onítakisí yọ orí jáde, ó bú ìyá ẹni tí ó fọn fèrè. Ẹni tí ó fọn fèrè lé e bá, ó yà á kọjá, ó sì fi ọkọ̀ tirẹ̀ dábùú ọ̀nà níwájú rẹ̀. Nígbà náà ni ilẹ̀kùn méjèèjì yóò ṣí, tí àwọn ọkùnrin méjì tí kò mọ orúkọ ara wọn yóò di ara wọn ní aṣọ mú, tí ogójì ọkọ̀ yóò sì dúró lẹ́yìn wọn. Bọ́ sílẹ̀ kí á jà.

Ó yẹ kí a fi ààlà sí ọ̀rọ̀ wa, kí a má baà da ohun mẹ́ta pọ̀. Àwọn awakọ̀ wà tí wọn kò mọ ọkọ̀ í wà, tí wọ́n ra ìwé àṣẹ láìkọ́ṣẹ́. Àwọn kan mọ̀ ọ́n wà, ṣùgbọ́n wọn kò bìkítà. Wọ́n ń tẹ fóònù bí wọ́n ti ń lọ. Àwọn méjèèjì léwu, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹni tí ó mọ ọkọ̀ wà dáadáa, tí ojú rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ ṣe kùmọ̀ nítorí pé ẹnì kan ṣẹ̀ ẹ́. Kí a kíyè sí i pé ọgbọ́n ìwakọ̀ rẹ̀ kò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó ti mọ̀ ọ́n wà tó ni ó ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ pé òun lè sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíràn tó ìwọ̀n ìka kan láti dẹ́rù bà á.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ta kókó. Báwo ni ó ti jẹ́ pé ẹni tí ó jẹ́ ọmọlúàbí nínú ilé, tí ó ń dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àti ìyá, tí a mọ̀ sí onísùúrù níbi iṣẹ́, yóò di ẹlòmíràn kété tí ó bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀? Àwọn kan yóò dáhùn pé ìwà rẹ̀ tòótọ́ ni ó fara hàn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a rìn dé ọjà Àtàkúńmọ̀sà ní Iléṣà ní ọjọ́ tí ọjà kún. Ọ̀nà àárín àwọn ìsọ̀ há ju títì èyíkéyìí lọ. Obìnrin kan ru agbọ̀n ńlá bọ̀, ó ń ké pé, "Àgò o! Ẹ yàgò fún mi o!" A yà fún un. Bí agbọ̀n rẹ̀ bá gbá ọ lórí, yóò wí pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má bínú," ìwọ náà yóò sì wí pé, "Kò tọ́pẹ́, ẹ rọra o." Lóòótọ́, ìjà a máa ṣẹlẹ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó fara gbún ara wọn láàárín wákàtí kan, mélòó ni ó jà? Kí ni ó pa wọ́n mọ́? Ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Èdè wa ní ohun tí a ń sọ fún ẹni tí a gbà lọ́nà, fún ẹni tí a tẹ̀ lẹ́sẹ̀, fún àgbà tí a fẹ́ kọjá lára rẹ̀, fún ọmọdé tí ó dí wa lọ́wọ́.

Inú ọkọ̀ kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Dígí wà láàárín. Ohun kan ṣoṣo tí a fi lélẹ̀ fún awakọ̀ láti fi bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ ni fèrè, fèrè náà kò sì mọ "ẹ" yàtọ̀ sí "o". Ohùn kan náà ni ó fi ń wí pé "Àgò o," tí ó fi ń wí pé "Ẹ ṣọ́ra, ọmọdé ń bọ̀," tí ó sì tún fi ń wí pé "Ọ̀dẹ̀, kúrò lọ́nà!" Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fọn fèrè lẹ́yìn ọkọ̀ kan kí ó lè kọjá, kò mọ̀ pé bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ni ó wà níbẹ̀. Bàbá gbọ́ ohùn náà bí ìgbà tí ọmọ kékeré fi ìka na òun ní gbangba. Òun náà kò mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn. Ó kàn mọ̀ pé a kò kí òun. Èyí ni ó mú kí ìjà ojú ọ̀nà ní ilẹ̀ wa tètè di ọ̀rọ̀ àpọ́nlé: "Ṣé o mọ̀ mí ni? Ṣé èmi ni ẹgbẹ́ rẹ?" Ẹ tẹ́tí sí àwọn tí ń jà ní ìkòríta, ẹ ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, ipò àti ìdílé ni wọ́n ń sọ.

Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣàwàdà díẹ̀. Ọmọ òṣómàáló ni yín. Àwọn baba yín gbé aṣọ ká ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ owó bá sì pé, wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè: òṣó ni wọn ó máa ló títí wọn ó fi gba owó wọn. Kò sí ẹni tí yóò bú wọn fún èyí, nítorí pé owó wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà kì í ṣe owó aṣọ. Bí ẹnì kan bá gba iwájú rẹ lọ́nà àìtọ́, gbèsè náà ti parẹ́ kí o tó ṣẹ́jú. Kò sí ibi tí o lè lóṣòó sí láti gbà á. Ohun tí awakọ̀ tí ń lé ẹlòmíràn kiri ń wá ni pé kí a san ìgbà tí ó ti kọjá padà fún òun, èyí kò sì ṣeé ṣe.

A kò gbọdọ̀ rò pé àìsàn àwọn èèyàn gáréèjì nìkan ni èyí, tàbí ti àwa aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní Amẹ́ríkà, àjọ AAA tí ó jẹ́ ti àwọn onímọ́tò gbé ìwádìí kan jáde ní 2016, ó sì hàn nínú rẹ̀ pé nǹkan bí mẹ́jọ nínú awakọ̀ mẹ́wàá ni ó ti fi ìbínú líle hàn lójú ọ̀nà ó kéré tán ní ìgbà kan láàárín ọdún kan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù Karùn-ún 1996, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín ọkùnrin méjì ní ẹ̀bá òpópónà ńlá M25 tí ó yí Lọ́ńdọ̀nù ká. Ọ̀kan nínú wọn, Kenneth Noye, fa ọ̀bẹ yọ, ó sì gún èkejì pa. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún péré ni olóògbé náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó fẹ́ gbé níyàwó sì wà níbẹ̀ tí ó ń wo bí ó ti kú. Noye sá lọ sí Sípéènì. Wọ́n mú un padà wá, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní 2000. Níbẹ̀, ọ̀nà dára, iná ìdarí ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́, ọlọ́pàá sì wà.

Ẹ jẹ́ kí a wá ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí ìbínú kì í fẹ́ràn ìṣirò. Láti Òṣogbo dé Iléṣà jẹ́ nǹkan bí 30 kìlómítà. Ẹni tí ó bá ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, èyí tí òfin gbà fún ọkọ̀ kéékèèké lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, yóò dé láàárín ìṣẹ́jú 22 àbọ̀. Ẹni tí ó bá rú òfin, tí ó sáré 100, tí kò sí ohun kan tí ó dá a dúró rárá, yóò dé láàárín ìṣẹ́jú 18. Nítorí ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀ ni gbogbo fèrè náà, gbogbo èébú náà, gbogbo yíyà kọjá lórí kọ́nà náà. Bí ó bá sì dé gáréèjì tán, yóò jókòó, yóò ra ẹ̀wà, yóò sì retí èrò fún wákàtí kan! Ẹ tún gbọ́ èyí. Ọkọ̀ tí ń sáré 80 ń jẹ ilẹ̀ tí ó tó mítà 22 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí awakọ̀ bá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré láti bú ẹnì kan, ọkọ̀ náà ti rin mítà 44 láìsí ẹni tí ń wo ọ̀nà. Bí a bá sì sọ eré di ìlọ́po méjì, láti 50 dé 100, agbára tí ọkọ̀ fi ń kọlu nǹkan yóò di ìlọ́po mẹ́rin, kì í ṣe méjì. Ìdí nìyí tí òfin fi sọ pé kí a má kọjá 50 láàárín ìlú, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ti ń sọdá.

Àwọn ọ̀nà wa ní ìtàn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn gba Ifẹ̀ wá sí Iléṣà, tí ó sì kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Àkúrẹ́, ti jẹ́ oko ikú láti ìgbà pípẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ń kú lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ó wà níbẹ̀, Wọlé Ṣóyínká, kò sì lè dákẹ́. Òun kan náà ni ó ti kọ eré orí ìtàgé kan tí ó pè ní The Road ní 1965, nípa àwọn awakọ̀, àwọn ọmọ gáréèjì àti ikú ojú ọ̀nà. Ní 1977, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Òṣogbo àti Iléṣà wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀, Ṣóyínká sì wà níwájú nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n tú ẹgbẹ́ náà ká ní 1983. Ní oṣù Kejì 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà, Ṣóyínká náà sì ni alága àkọ́kọ́. Lónìí, olú-ilé-iṣẹ́ ẹkùn kọkànlá àjọ náà, tí ó ń bójú tó Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó, wà ní Òṣogbo níhìn-ín. Síbẹ̀, ó lé ní 5,000 ènìyàn tí àjọ náà kà sí òkú ojú ọ̀nà ní Nàìjíríà ní 2023, àti ní 2024 bákan náà. Ní gbogbo ayé, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ó kú bẹ́ẹ̀ ní 2021, ikú yìí ni ó sì ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ láti ọdún márùn-ún dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ju ohunkóhun mìíràn lọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé, "Awakọ̀ Nàìjíríà kò lè yí padà." Èmi a máa rán wọn létí ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972. Kí ó tó di ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni a ń gbà wakọ̀ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi kọ́ wa. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, gbogbo orílẹ̀-èdè bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, onílọ́rì, onítakisí, oníkẹ̀kẹ́ àti ọ̀mọ̀wé. Ẹni tí ó bá lè yí ọwọ́ tí ó ti ń gbà láti ìgbà èwe rẹ̀ padà láàárín òru kan, ẹ má sọ fún mi pé kò lè kọ́ láti mú ọwọ́ kúrò lórí fèrè.

A gbọdọ̀ sọ òtítọ́ nípa owó pẹ̀lú. Dẹ́rẹ́bà tí ó ń wa ọkọ̀ olówó gbọ́dọ̀ kó iye kan wálé fún olówó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ pé èrò wà tàbí kò sí. Kí ó tó kúrò ní gáréèjì, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó epo ti di ìlọ́po ìlọ́po. Bí kòtò bá ba táyà jẹ́ lọ́nà, òun ni yóò san án. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, nígbà tí ẹ̀yin wọlé sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ti jẹ gbèsè fún ènìyàn mẹ́ta. Àwọn kan nínú wọn ti mu páragà lórí rẹ̀. Èyí kò sọ ìwà wọn di mímọ́, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a mọ ibi tí ìbínú náà ti ń wá. Olówó ọkọ̀ tí ó jókòó ní ìjókòó iwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, tí ó sì ti sọ iye tí dẹ́rẹ́bà rẹ̀ yóò mú wá di èyí tí kò ṣeé rí láìsáré àsápajúdé, kí ó má ṣe rò pé ọwọ́ òun mọ́ nítorí pé kì í ṣe òun ni ó di ọkọ̀ mú.

Ẹ wá jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí a kì í bá wí rárá: èrò. Nígbà tí ọkọ̀ kan bá ya tiwa kọjá, ta ni ó máa ń kọ́kọ́ pariwo pé, "Dẹ́rẹ́bà, má gbà fún un! Ṣé obìnrin ni ọ́ ni?" Ta ni ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tí a bá bú ọlọ́kadà? Àwa ni. Mo ti wọ ọkọ̀ tí gbogbo èrò inú rẹ̀ dákẹ́ fẹ́mú nígbà tí awakọ̀ ń fi ẹ̀mí wọn ta tẹ́tẹ́, tí olúkúlùkù ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ sí Ọlọ́run pé kí ó dá a dúró, tí kò sì sí ẹnì kan tí ó bá awakọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó rọrùn fún wa láti bẹ Ọlọ́run ju kí a bẹ dẹ́rẹ́bà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà inú ọkọ̀ ní agbára tí wọn kò lò. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó bá wí jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, jẹ́ kí ó máa lọ, àwa kò kánjú, ọmọ ń dúró dè wá nílé," yóò ṣe ohun tí ọlọ́pàá mẹ́ta kò lè ṣe, nítorí ó fún awakọ̀ náà ní ọ̀nà láti fi ìjà sílẹ̀ láìtẹ́. Ẹ má ṣe bú u. Ẹ má ṣe sọ pé, "Were ni ọ́." Ẹni tí ó ti gba èébú kan níta, tí ó tún gba òmíràn lẹ́yìn ara rẹ̀, yóò tẹ iná sí i ni.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n sọ pé wèrè gan-an ni. Ìjọba Èkó ti máa ń rán ẹni tí ó bá wakọ̀ lòdì sí ọ̀nà lọ fún àyẹ̀wò ọpọlọ. Bóyá ó dára láti fi ìtìjú dẹ́kun ìwà náà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìbínú kì í ṣe wèrè, ó sì léwu kí a máa pè é bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í bá wèrè ṣẹjọ́. Ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ halẹ̀ mọ́ ọlọ́kadà ní Òkè-Fíà yóò dẹwọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ó bá rí ọkọ̀ àwọn sójà. Wèrè kò mọ ìyàtọ̀ ọkọ̀ sójà. Òun mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ó lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Ó kàn ń yan ẹni tí yóò kó ara rẹ̀ níjàánu fún ni.

Ìbéèrè tí ó kù ni pé: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? Ìwé Katikísì tí Ìjọ gbé jáde ní 1992 dáhùn lábẹ́ òfin karùn-ún, èyí tí ó ka ìpànìyàn léèwọ̀: ẹni tí ó bá fi ọtí mímu tàbí ìfẹ́ eré àsápajúdé wu ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn léwu lójú ọ̀nà, ẹ̀bi ńlá ni ó dá. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé ìgbà tí ènìyàn bá kú ni ẹ̀bi náà tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹfà 2007, ìgbìmọ̀ kan ní Róòmù tí ó ń bójú tó ọ̀ràn àwọn aṣíkiri àti àwọn arìnrìn-àjò gbé ìwé ìtọ́nisọ́nà jáde lórí ìtọ́jú àwọn èèyàn ojú ọ̀nà, òfin mẹ́wàá fún awakọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín nígbà náà; wọ́n ní kí ni ó kan Róòmù nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò? Ṣùgbọ́n ẹ wo ìkarùn-ún nínú wọn, tí ó kìlọ̀ pé kí ọkọ̀ má ṣe jẹ́ ohun tí a fi ń ṣe agbára lórí ẹlòmíràn. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó kọ ọ́ ti dúró ní Ọláìyá rí. A so rosárì kọ́ dígí iwájú, a lẹ àwòrán Kristófà Mímọ́ mọ́ ara ọkọ̀, ọwọ́ tí ó sún rosárì náà sẹ́yìn kí ó lè ríran sì ni ó na ìka márààrún sí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀! Mélòó nínú wa ni ó ti jẹ́wọ́ èyí rí níwájú Fadá? A ń jẹ́wọ́ irọ́, a ń jẹ́wọ́ pé a kò wá sí Míísà. Ẹni tí a lé títí ó fi kó sínú gọ́tà, a gbàgbé rẹ̀ kí a tó délé.

Bí ẹnì kan bá ń fi ọkọ̀ wá ìjà rẹ, kí ni kí o ṣe? Má ṣe wo ojú rẹ̀. Dẹwọ́ eré, kí o sì jẹ́ kí ó kọjá. Bí ìwọ ni ó ṣẹ̀, gbé ọwọ́ sókè kí ó rí i; ọwọ́ ni "ẹ má bínú" tí dígí kò lè dí. Bí ó bá ń tẹ̀lé ọ, má ṣe mú un lọ sí ilé rẹ, kí ó má baà mọ ibi tí àwọn ọmọ rẹ ń sùn. Yà sí àgọ́ ọlọ́pàá tàbí ibi tí èrò pọ̀ sí. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, ìwọ má bọ́ sílẹ̀. Ti ilẹ̀kùn, gbé dígí sókè. Àwọn àgbà ti sọ pé ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Nínú ọkọ̀, bí o bá dákẹ́ tí o kò sì yí padà sí i, yóò rẹ̀ ẹ́.

Ìbínú kan ṣì kù lójú ọ̀nà tí kì í ṣe ti awakọ̀, ìyẹn ni ti àwọn tí ó dúró ní ẹ̀bá títì. Ọkọ̀ kọlu ọmọ kan ní abúlé kan. Àwọn ọ̀dọ́ sáré dé pẹ̀lú igi àti táyà. Òfin sọ pé kí awakọ̀ dúró, kí ó sì ran ẹni tí ó fara pa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tí ó dúró ní ọjọ́sí, nítorí náà ó sá. Ọkọ̀ tí ìbá gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó sá lọ yẹn. Bí kò bá sá, tí wọ́n sì fi iná sí ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sun. Mo bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ rò ó dáadáa: ìgbẹ̀san yín ń pa ẹni tí ẹ ń gbẹ̀san fún. Ìkẹjọ nínú àwọn òfin Róòmù náà tilẹ̀ ní kí a mú awakọ̀ tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí ó ṣe léṣe pàdé nígbà tí ó bá tọ́, kí ìdáríjì lè wà. Èyí kò ṣeé ṣe bí a bá ti sun ọ̀kan nínú wọn.

Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ, kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ náà sílẹ̀. Má ṣe fa ẹni tí ó fara pa ní apá tàbí ní ọrùn, àyàfi bí iná tàbí ọkọ̀ mìíràn bá fẹ́ dé bá a. Pe 122, tí í ṣe nọ́ḿbà àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó; wọn kì í gba owó ìpè náà. Ní Iléṣà, ọsibítù Wesley Guild wà. Ní Òṣogbo, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UNIOSUN wà. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn kankan láàyè láti kọ ẹni tí ó wà nínú ewu ikú. Bí wọ́n bá gbé fóònù, sọ orúkọ abúlé tí ó súnmọ́ ọ jù, sọ ìlú tí ọkọ̀ náà ń lọ àti ìlú tí ó ti ń bọ̀, sọ iye ènìyàn tí ó fara pa àti bóyá ẹnì kan há sínú ọkọ̀, kí o sì dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi dé.